Ẹ̀rọ Tí Bàbá Pín Bí Ẹran Iléyá

Lọ́jọ́ tí a sin Bàbá, gbogbo ẹni tó bá kí mi kú ará fẹ́ra kù ló ń fi kún un pé, "Ẹni rere ni wọ́n. Sùúrù wọn pọ̀." Mò ń dáhùn, mò ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú mi ń sọ pé ẹ̀yin tí ẹ ń sọ èyí, ẹ ò tíì bá wọn lo kọ̀ǹpútà rí ni. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ Bàbá rí, tó tẹ lẹ́tà kan, tó wá ń dúró kí lẹ́tà náà tó yọjú, á mọ̀ pé àwa la ní sùúrù. Bàbá ò ní in. Ohun tí wọ́n ní ni agídí, wọ́n sì ní in lọ́pọ̀lọpọ̀.

Bàbá ni bàbá tó bí ìyá mi. Alàájì Gàníyù lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n láti Kẹ́mta tí ilé wa wà títí dé Sápọ́n tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà, Bàbá Kọ̀ǹpútà ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Òwò àdìrẹ ni wọ́n bá nílé wa, òun náà la ṣì ń ṣe dòní. Bàbá nìkan ló yà kúrò ní tiwọn, tí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ taipuráítà, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ayé fi di ti kọ̀ǹpútà. Wọ́n wá ra kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì jọ pé wọ́n búra lọ́jọ́ náà pé àwọn ò ní ra òmíràn mọ́. Jẹ́lé-ó-sinmi ni mo wà nígbà tí àwọn ẹ̀rọ náà dé. Nígbà tí mo jáde fásitì, wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Orí wọn ni a ti ń tẹ ìwé ìpè nìkáì, kàlẹ́ńdà ọdún, lẹ́tà ìwáṣẹ́, àti iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọkọ̀ wá láti Alábàtà. Èmi náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní gbogbo ìsinmi, ìyẹn ni mo fi ní ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Òfin àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni pé ẹ̀rọ kì í sùn ní ìhòòhò. Ìyá mi ló rán aṣọ àdìrẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí wọ́n fi ń bò wọ́n lálẹ́. Láàárọ̀, Bàbá á ṣí aṣọ náà, wọ́n á gbọ̀n ọ́n níta, wọ́n á ká a. Wọ́n á wá tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá eruku inú fáànù rẹ̀, wọ́n á tún fẹnu fẹ́ ẹ. Ní àsìkò ọyẹ́, àárọ̀ àti ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe é. Títí wọ́n fi máa ṣe tán, oníbàárà ti tò sórí bẹ́ǹṣì, àwọn kan á sì ti bínú lọ. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, àwọn ṣọ́ọ̀bù ọ̀ọ́kán ti parí iṣẹ́ ẹni méjì, àwa ṣì ń bọ́jú fún ẹ̀rọ." Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Eruku ló ń pa á," ni wọ́n wí, "kì í ṣe ọjọ́ orí."

Ìyẹn ṣì kéré. Tí wọ́n bá ti pe ìrun Àìlà, gbogbo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kú pátápátá, kí wọ́n sinmi. Bàbá á dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, "Ẹ fi iṣẹ́ yín pamọ́ o, àwọn àgbàlagbà ń lọ sinmi." Wọ́n á kírun, wọ́n á jókòó ti tẹsùbáà, wọ́n á na ẹ̀yìn díẹ̀ lórí ẹní. Iná wà, oníbàárà wà, owó wà níta, àwa ń wo ara wa. Ọmọbìnrin kan wà tó wá láti Alábàtà, ojú ìwé díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ rẹ̀ parí, olùkọ́ rẹ̀ sì ti ní kó má wá mọ́ tí ọjọ́ náà bá kọjá. Ọmọ náà sunkún. Ó kúnlẹ̀. Bàbá fún un lómi mu, wọ́n ní kó jókòó. Inú bí i, ó mú fláàṣì tó ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí, ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀ọ́kán tí ẹ̀rọ wọn jẹ́ tuntun. Kò pẹ́ tó fi padà, ojú rẹ̀ ti wú: kòkòrò tó wà nínú ẹ̀rọ ọ̀hún ti jẹ gbogbo ohun tó wà nínú fláàṣì náà. Bàbá dìde lórí ẹní, wọ́n tan ẹ̀rọ, wọ́n sì fa ẹ̀dà iṣẹ́ náà yọ, nítorí pé kò sí iṣẹ́ oníbàárà tí wọn kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Ọmọ náà ń dúpẹ́ bíi pé kò ní dákẹ́. Ó máa ń dun ènìyàn kí ẹni tó ń fi agídí dá a lágara tún jàre. Bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ẹni tó sinmi ò pẹ́ lọ́nà."

Bọ̀dá Mùrí, àbúrò ìyá mi, náà gbìyànjú tiwọn. Mowé ni wọ́n ń gbé, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, wọ́n sì mọ bí ayé ṣe ń yí. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tuntun wá fún Bàbá, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni ò tíì ya. Bàbá gbàdúà fún wọn títí tí àmín fi rẹ̀ wá lẹ́nu. Wọ́n gbé páálí náà sábẹ́ tábìlì. Ó wà níbẹ̀. Oṣù gorí oṣù. Ọjọ́ tí Bọ̀dá Mùrí tún wá, wọ́n bá oníbàárà kan tó jókòó lé páálí náà, tó ń jẹ ẹ̀pà.

"Bàbá, ẹ̀rọ tí mo gbé wá ńkọ́?"

"Òun náà nìyẹn. Ó wà."

"Ẹ ò tíì tàn án?"

"Àlejò ni, Mùrí. Èwo ni ká gbé ọkọ́ lé àlejò lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó wọlé?"

Bọ̀dá Mùrí ò mu omi tí mo gbé fún wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ojú títì, mo sì rí i pé ó dùn wọ́n gan-an. Owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ náà kì í ṣe owó tó sú wọn. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé Bàbá ò rí ojú ọmọ wọn rárá, wọ́n ti padà sídìí fáànù tó ń dún kíríkírí.

Nígbà tó yá, ètò tó ń darí àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta náà di ohun tí wọn ò lè gbé mọ́. Tí o bá tàn wọ́n, wàá lọ ra búrẹ́dì, wàá jẹ ẹ́, wàá padà wá bá wọn níbi tí wọ́n wà. Gbogbo Sápọ́n ló ní ọjọ́ wọn ti pé. Bàbá lọ wádìí, wọ́n rí ètò ọ̀fẹ́ kan tí kò wúwo. Wọ́n nu ti tẹ́lẹ̀ kúrò, wọ́n fi èyí sí i. Ká sọ tòótọ́, àwọn ẹ̀rọ náà jí. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà di asán láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé jáde, mi ò rí i. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń yí lẹ́tà padà, mi ò rí i. Oníbàárà ń wò mí lójú bí ẹni tó ń wo olè. Mo pariwo pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kó àwọn nǹkan wọ̀nyí dànù jàre! Wọ́n ti darúgbó!" Bàbá ní, "Bí ẹrù bá wúwo jù fún àgbàlagbà, ẹrù là á dín kù. A kì í lé àgbàlagbà jáde nílé." Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà tó wà lára wọn kan sáárá sí wọn, èmi sì padà sídìí ìwákúwàá.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí orúkọ Bàbá rìn jìnnà ni ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹ̀rọ tó bá ti kú. Gbogbo ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé e wá. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí wọ́n máa ń sọ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ń sin ló jẹ́ pé wọ́n kàn dákú ni. Tí ó bá dá wọn lójú pé ó ti kú, wọ́n á tẹ́ ẹní sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ṣe bísímílà, wọ́n á mú súkúrúdíráfà, wọ́n á kun ún bí ẹran Iléyá. Wọ́n á sì pín in bí ẹran Iléyá: ìdá kan fún ilé, ìdá kan fún ẹbí àti aládùúgbò, ìdá kan sàráà fún ẹni tí kò lágbára àtirà. Kíbọọ̀dù á lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ṣájà á lọ sọ́dọ̀ lèmọ́mù, fáànù á wọ inú ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà wa ní Sápọ́n. Páànù ìta rẹ̀ pàápàá kì í ṣòfò: Ìyá Sàlámì, tí ilé wọn kan ẹ̀yìnkùlé wa, ń fi ọ̀kan bu oúnjẹ fún adìyẹ. Dísìkì, níbi tí gbogbo iṣẹ́ ènìyàn wà, ni Bàbá kà sí ẹran tó dára jù, nítorí náà, ti sàráà ni. Nígbà mìíràn wọ́n á nù ún mọ́ kí wọ́n tó fi tọrẹ, nígbà mìíràn wọ́n á jẹ́ kó lọ bó ṣe wà. Mo bi wọ́n rí pé kí ló dé tí èyí tó dára jù kì í kù sílé. Wọ́n ní, "Tí o bá fún tálákà ní egungun, Ọlọ́run ń wo ẹran tó wà lọ́wọ́ rẹ."

Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ níbi ìsìnkú wọn. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà gbá létí.

Ìyá mi ń jẹ́ Sìkírátù. Àwọn ni àkọ́bí Bàbá, àwọn nìkan sì ni ọmọbìnrin wọn. Àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe lẹ́yìnkùlé wa ní Kẹ́mta, aró kì í kúrò ní èékánná wọn. Nígbà tí mo wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn ní fásitì, orí aró ni mo ti ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Mo gbé lápútọ́ọ̀pù mi sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, mo ní kí Màámi máa sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ń gbà á sílẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé aró ti gbó, wọ́n bú ewúrẹ́ tó fẹ́ fẹnu kan omi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ní mò ń bi àwọn ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Kò tíì pé ọdún kan sí ọjọ́ náà tí ó fi rẹ̀ wọ́n díẹ̀, tí wọ́n sì kú. Láti ìgbà náà, tí ọkàn mi bá ti dàrú, màá ṣí lápútọ́ọ̀pù, màá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú ewúrẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lórí fóònù mi, wọ́n ti jí fóònù náà lọ́jà Lafẹ́nwá. Kò sí ibòmíràn tí ohùn ìyá mi tún wà.

Lápútọ́ọ̀pù náà wá kọ̀, kò tàn mọ́, nígbà tó kù díẹ̀ kí n lọ sin ilẹ̀ bàbá mi gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ lókè Ọya. Ta ni ǹ bá gbé e fún tí kì í bá ṣe Bàbá? Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó kí n tó dé." Mi ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lásìkò náà, tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Màámi, Bàbá á dìde kúrò níbẹ̀. Ohùn ọmọ wọn ni. Mo fẹ́ kí ọgbẹ́ náà san díẹ̀ kí n tó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo dé, mo kí wọn tán, mo ní, "Bàbá, lápútọ́ọ̀pù mi dà?"

"Háà, ó kú, ọmọ mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Iná ti jó inú rẹ̀. A ti pín in."

"Ẹ ti kí ni?"

"A ti pín in. Ojú rẹ̀ nìyẹn lórí tábìlì yẹn, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bátìrì rẹ̀ wà lọ́dọ̀..."

"Dísìkì ńkọ́, Bàbá?"

"Sàráà."

Orí ìdúró ni mo ti sọ fún wọn. Mo ní ohùn Màámi ló wà nínú rẹ̀. Mo ní òun nìkan ló kù. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà lọ́wọ́ Bàbá, wọn ò gbá nǹkan kan, wọn ò gbé e sílẹ̀. Mo ní, "Ta lẹ fún? Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n lọ bẹ̀ wọ́n, n óò ra òmíràn fún wọn." Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n wá ní, "A kì í tọ ipasẹ̀ sàráà, Àbẹ̀kẹ́. Ohun tí a bá ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, a kì í bi í pé ibo ló gbé e sí."

Mi ò gbóhùn sókè sí bàbá àgbà mi rí. Mo gbé e sókè lọ́jọ́ náà. Mo ní iṣẹ́ àlejò tó san owó táṣẹ́rẹ́, ẹ ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ti ọmọ ọmọ yín ńkọ́? Mo ní ta ló pe lápútọ́ọ̀pù ní àgbò? Ọlọ́run wo ló ní kí ẹ pín ohun tí kì í ṣe tiyín? Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ọ̀ọ́kán jáde wá wò wá. Bàbá jókòó, wọ́n gbé ojú sílẹ̀.

Mo rí iṣẹ́ sí Èkó, mo lọ. Ọdún Iléyá nìkan ni mo fi ń wálé, gbogbo Iléyá ni mo sì ń bi wọ́n. Mo bi wọ́n pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, mo bi wọ́n pẹ̀lú ìbínú. Mo rán Bọ̀dá Mùrí sí wọn, Bọ̀dá Mùrí dé, wọ́n ní, "Bàbá rẹ nìyẹn. Ẹ̀rọ tèmi náà ṣì wà nínú páálí." Mo lọ bá lèmọ́mù àdúgbò, wọ́n ní Bàbá jàre nínú ẹ̀sìn, pé a kì í gba ọrẹ padà. Mo ní mi ò fẹ́ gbà á padà, mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni, kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí n dá a padà fún ẹni tó ni ín. Lèmọ́mù ní ìyẹn ò burú. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Bàbá tayọ̀tayọ̀, mo rò pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Bàbá gbé àwo ẹran síwájú mi. Wọ́n ní, "Jẹun, ọmọ mi. Ẹran ń tutù."

Mi ò jẹ ẹ́. Mo pinnu pé Bàbá fẹ́ràn òfin wọn jù mí lọ, wọ́n tún fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyá mi lọ. Ọkàn yìí ni mo gbé ká fún ọdún púpọ̀, kò sì fúyẹ́. Tí mo bá rí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni, inú á bí mi. Mo máa ń rò ó pé àjèjì kan wà níbì kan tó ń tẹ lẹ́tà lórí ohùn ìyá mi, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo wá tọ́jú wọn. Mo wẹ̀ wọ́n, mo fún wọn lóògùn, mo lọ ń tan ẹ̀rọ wọn kí eruku má bàa bò wọ́n, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè láràárọ̀ nìyẹn, kí wọ́n tó béèrè ẹ̀kọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ara wọn lókun díẹ̀, mo tún bi wọ́n. Mo rọra bi wọ́n. Wọ́n wò mí títí. Ẹnu wọn ṣí, mo sì rò pé ó dé. "Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí, "ìbéèrè rẹ yìí wúwo." Wọ́n wá yí ojú sí ògiri. Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ náà ni wọ́n kú, láàárọ̀, a sì sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀.

Bí mo ṣe ń sunkún ni mò ń bínú. Mò ń sọ nínú ọkàn mi pé, ó dáa, ẹ ti gbé e lọ.

Níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ, bí a ṣe ń pín oúnjẹ fún àwọn tó wá bá wa gbàdúà, ọkùnrin kan tó wọ jalabíà funfun wá bá mi. Ó ní Mùálímù Hákíìmù ni òun ń jẹ́, pé òun ní ilé-kéwú kékeré kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ àgbẹ̀ ti ń kọ́ kéwú àti kọ̀ǹpútà. Ó kí mi kú ìrọ́jú. Ó ní, "Ọlọ́run á kẹ́ Bàbá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fún wa ṣì ń ṣiṣẹ́ o. Wọ́n ní dísìkì inú rẹ̀, ti ọmọ ọmọ wọn kan tó wà lókè Ọya nígbà náà ni. Ṣé ẹ̀yin ni?"

Mo gbé àwo tó wà lọ́wọ́ mi fún ẹni tó sún mọ́ mi. Mo ní èmi ni. Mo ní ṣé mo lè wá lọ́la.

Ilé ẹ̀kọ́ náà jẹ́ yàrá kan tí wọ́n fi páànù bò, àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ lórí ẹní. Ẹ̀rọ ọ̀hún wà ní igun yàrá, wọ́n ti ṣí aṣọ orí rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan ń fi ìka kan tẹ orúkọ ara rẹ̀ sórí rẹ̀. Mùálímù ní kó dìde fún mi. Mo jókòó. Ó tàn kíá, ó yá ju èyí tí wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì lọ. Mo wo gbogbo ibi tó ṣeé wò. Mo wo ibi tí ènìyàn kì í wò. Orúkọ àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀, àti súrà tí wọ́n tẹ̀, àti ìṣirò. Kò sí nǹkan mìíràn.

"Ta ló nu èyí?" mo bi Mùálímù.

"Bàbá fúnra wọn ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá. Ìṣojú mi ni wọ́n ti nù ún, tí wọ́n fi ètò fífúyẹ́ wọn yẹn sí i."

Mo ní ó dáa. Mo fẹ́ dìde, mo fẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu ọkùnrin náà.

"Ṣùgbọ́n wọ́n padà wá," ó ní. "Ó tó ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé àpò irinṣẹ́ wọn dání, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n kó àwọn ọmọ jáde. Wọ́n wà nídìí ẹ̀rọ yìí láti àárọ̀ títí a fi kírun Alásárì. Wọn ò jẹ, wọn ò mu. Láti ìgbà yẹn, kò sí ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ wa tí wọn kì í wá jókòó síbẹ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀nà tuntun wà tí wọ́n fi ń fa ohun tí wọ́n ti nù jáde, wọ́n á dé. Mo bi wọ́n rí pé, 'Bàbá, kí lẹ ń wá nínú ẹ̀rọ yìí?' Wọ́n ní, 'Ọmọ mi ni mò ń wá.' Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, mi ò bi wọ́n mọ́."

Mùálímù ní tí mo bá fẹ́ dísìkì náà, òun á yọ ọ́ fún mi. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré náà padà sórí àga rẹ̀, ó ń wá lẹ́tà tó kù nínú orúkọ rẹ̀. Mo jáde, mo jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì sunkún tí àwọn ọlọ́kadà fi ń dúró bi mí pé ṣé kò sí nǹkan.

Mo ti ń gbàdúà fún Bàbá, mò ń ṣe é lẹ́yìn ìrun gbogbo, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, kí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè wọn. Tí mo bá ti ṣe àmín tán, inú á tún bí mi. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń bi wọ́n, tí wọ́n ń gbé àwo ẹran síwájú mi, wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ni àwọn fi nu ohùn ọmọ àwọn kúrò. Wọ́n ń dá wọkọ̀ lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀, wọ́n ń dá wá a. Èmi náà ń wá a. Wọn ì bá pè mí.